Ojú "First Body": Bí A Ṣe Ń Kun Mọ́tò Lórí Kọ̀ǹpútà Tí Ará Èkó Á Gbà Pé Mọ́tò Ni

Baruwa ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìpájà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́. A ti kọ gbogbo ètò yìí sílẹ̀ nítorí àwọn tí dátà wọn ò tó ti ohùn.

Lónìí, ọ̀rọ̀ ọ̀dà mọ́tò la fẹ́ sọ. Mọ́tò inú kọ̀ǹpútà, mọ́tò inú fíìmù, mọ́tò tí kò sí níbì kankan àmọ́ tí a fẹ́ kí ẹni tó ń wo fóònù gbà pé ó wà. Iṣẹ́ fídíò àti àwòrán kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe jẹun, ìbéèrè tí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ yìí sì máa ń bi mí jù ni pé: "Bọ̀dá, mo ti kun mọ́tò mi, ó ń dán gbinrin. Kí ló dé tó ṣì dà bí ike?"

Èsì mi kúrú. Ọ̀dà mọ́tò ju àwọ̀ lọ. Ìpele lórí ìpele ni, ojú ọ̀nà tó ń hàn lára rẹ̀ ni, ìyà tó ti jẹ ni. Ojú tí a sì nílò láti fi rí nǹkan mẹ́ta yìí, ará Èkó ti ní in tẹ́lẹ̀. Ojú tí wọ́n fi ń ra tòkunbọ̀ ni.

Ojú tó ń wá first body

Ṣé ẹ ti bá èèyàn lọ ra tòkunbọ̀ rí? Kó tó ní kí wọ́n ṣí ẹ́ńjìnnì, ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé: "Ṣé first body ni?" Ìyẹn ni pé, ṣé ọ̀dà tí iléeṣẹ́ fi kùn ún níbi tí wọ́n ti ṣe é ló ṣì wà lára rẹ̀, àbí wọ́n ti tún un kùn? Mọ́tò tí wọ́n bá tún kùn, ó ṣeé ṣe kó ti lọ forí sọ nǹkan, ó sì ṣeé ṣe kí ìpẹtà ti jẹ ẹ́ nísàlẹ̀. Owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀.

Ẹni tó bá mọ mọ́tò rà kì í dúró síwájú rẹ̀ wò ó. Á lọ sí ẹ̀yìn, á bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, á wá gbé ojú lé ẹ̀gbẹ́ mọ́tò náà gbọọrọ, bí káfíńtà ṣe ń wo pákó bóyá ó tọ́. Àwòrán òpó iná àti ògiri tó hàn lára ilẹ̀kùn ló ń wò. Bí òpó náà bá lọ tààrà láti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dé ti iwájú, kò sí wàhálà. Bó bá wọ́ níbì kan, tó ń mì bí omi, pọ́tì wà níbẹ̀. Á fi ìka kan ara ilẹ̀kùn, kó gbọ́ bóyá ó ń dún bí irin àbí ó ń dún bí ògiri. Á wo rọ́bà etí dígí, bóyá ọ̀dà ta sí i. Á fi àwọ̀ bọ́ńpà wé ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni á súnmọ́ ọn, á wo ojú ọ̀dà fúnra rẹ̀, bóyá ó rí wúruwùru díẹ̀ bí èèpo ọsàn.

Èèpo ọsàn yìí, ọ̀dà iléeṣẹ́ pàápàá ní in. Ohun tó ń tú àṣírí ni kó yàtọ̀ láti ilẹ̀kùn kan sí èkejì. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a.

Ẹ wá wò ó. Gbogbo ohun tí oníbàárà yẹn ń yẹ̀ wò, òun gan-an ni mọ́tò orí kọ̀ǹpútà kì í ní. Ilẹ̀kùn rẹ̀ tọ́ jù. Àwòrán tó ń hàn lára rẹ̀ mọ́ jù. Kò ní èèpo ọsàn kankan. Bọ́ńpà rẹ̀ tó jẹ́ ike àti ilẹ̀kùn rẹ̀ tó jẹ́ irin ní àwọ̀ kan náà láìyàtọ̀ rárá. Ojú wa mọ̀ pé kò sí mọ́tò bẹ́ẹ̀ láyé, kódà bí ẹnu wa ò bá lè sọ ohun tó ṣe é.

Ìpele lórí irin

Ọ̀gá kan wà ní àdúgbò wa tó ń kun mọ́tò. Mo lọ jókòó tì í fún ọjọ́ mélòó kan, mo mú fóònù dání.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo lè máa ya mọ́tò yìí bí ẹ ṣe ń ṣe é?"

Ó ní, "O ṣeun, àbúrò. Àmọ́ kí lo fẹ́ yà lára èyí tí kò tíì jinná?"

"Èyí tí kò tíì jinná yẹn gan-an ni mo ń wá, sà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fi nǹkan bo imú mi.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Á kọ́kọ́ fi pọ́tì dí ibi tó bá tẹ̀, á fi sáńpépà ha á, á tún fi èyí tó kúnná ju bẹ́ẹ̀ lọ ha á pẹ̀lú omi. Á wá fọ́n pràímà sí i. Àwọ̀ eérú ni pràímà yẹn. Lórí pràímà ni á fọ́n àwọ̀ fúnra rẹ̀ sí. Tí àwọ̀ yìí bá gbẹ, kì í dán rárá, ó máa ń rí bí ìgbà tí èèyàn fi ṣọ́ọ̀kì kùn ún. Ìgbà tó bá fọ́n clear lé e lórí ni gbogbo rẹ̀ máa ń là lójú lẹ́ẹ̀kan náà. Clear ò ní àwọ̀ kankan. Bíi gíláàsì tó lẹ̀ mọ́ mọ́tò lára ni.

Lára mọ́tò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iléeṣẹ́ jáde, àròpọ̀ gbogbo ìpele yìí sábà máa ń wà láàárín 100 sí 150 máíkírọ̀n. Kò nípọn ju ìwé fọ́tòkọ́pì kan tàbí méjì lọ. Ṣùgbọ́n nínú ìwọ̀nba yẹn, ọ̀nà méjì ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà padà wá bá ojú wa. Apá kan kan clear, ó ta padà lójú ẹsẹ̀. Òun ló gbé àwòrán sánmà àti ògiri wá. Apá tó kù wọlé, ó bá àwọ̀ nísàlẹ̀, ó kó àwọ̀ náà, ó tún jáde. Òun ló jẹ́ ká mọ̀ pé pupa ni mọ́tò. Ìdí nìyẹn tí sánmà funfun fi ń hàn ní funfun lára mọ́tò pupa.

Ibẹ̀ ni "ike" tí ẹ ń sọ ti ń wá. Ẹni tó bá kó àwọ̀ àti ìdán pọ̀ sórí ìpele kan ṣoṣo, tó fa Metallic dé òpin, tó sì fa Roughness wálẹ̀, sánmà á hàn ní pupa lára mọ́tò rẹ̀. Ohun tó yà nìyẹn, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń so mọ́ igi Kérésìmesì ni.

Ní 2012, Brent Burley láti iléeṣẹ́ Disney ṣàlàyé ọ̀nà kan níbi ìpàdé SIGGRAPH tó sọ ọ̀rọ̀ yìí di fẹ́rẹ́. Dípò kí ayàwòrán máa bá ìṣirò jà, wọ́n fún un ní ìwọ̀nba nǹkan tó lè fà sókè tàbí sílẹ̀, clearcoat sì wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ sọfitiwia ló ti gba ọ̀nà yẹn. Blender, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ní tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni Principled BSDF. Ẹ ṣí i, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Coat sí. Ẹ gbé Coat Weight sí 1. IOR 1.5 àti Roughness 0.03 tí ẹ bá níbẹ̀ dára fún mọ́tò tuntun, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ wá padà sí ìpele ìsàlẹ̀, ẹ gbé Roughness tirẹ̀ sókè, bíi 0.4 tàbí 0.5, torí ẹ ti rí i pé àwọ̀ tí kò tíì ní clear kì í dán. Coat ní Normal tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ibẹ̀ ni ẹ máa fi èèpo ọsàn sí: Noise kékeré, kí Bump rẹ̀ má lágbára rárá. Tí ojú bá tètè rí i, ó ti pọ̀ jù.

Nǹkan kan tún wà tí ẹ lè fi ojú yín wò lónìí láìlo kọ̀ǹpútà. Ẹ dúró síwájú ilẹ̀kùn mọ́tò dúdú, ẹ wò ó tààrà. Dúdú lẹ máa rí. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀, ẹ wo bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ pẹrẹsẹ. Sánmà lẹ máa rí, bí inú dígí. Nígbà tí ẹ wò ó tààrà, nǹkan bí 4 péré nínú 100 ìmọ́lẹ̀ ni clear ń ta padà. Bí ojú yín bá ṣe ń rẹlẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń pọ̀ sí i. Ará Faransé kan, Augustin Fresnel, ló ṣe ìṣirò rẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. IOR tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló ń bá yín ṣe é. Ẹ má yí i kiri torí pé ẹ fẹ́ kó dán sí i.

Ọ̀dà mẹ́ta, ìwà mẹ́ta

Ẹ̀yà ọ̀dà mẹ́ta lẹ máa bá pàdé jù. Èyí àkọ́kọ́ ni àwọ̀ lásán: dúdú, funfun, pupa, kò sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀.

Èkejì ni mẹ́tálíìkì, bíi síífà tó kún gbogbo Èkó. Ègé alumíníọ̀mù kéékèèké ló wà nínú àwọ̀ yẹn, wọ́n sùn pẹrẹsẹ lábẹ́ clear bí ìpẹ́ ẹja. Torí bí wọ́n ṣe sùn yìí, ibi tó kọjú sí yín máa ń mọ́lẹ̀, ibi tó bá yí kúrò á sì ṣókùnkùn. Ìyẹn ló ń jẹ́ ká rí ìyípo ara mọ́tò síífà kedere. Lórí kọ̀ǹpútà, Voronoi ni a fi ń ṣe é: a pín ojú mọ́tò sí ègé ègé, a wá tẹ ègé kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà tirẹ̀ díẹ̀. Ìwọ̀n ló ṣe pàtàkì níbí. Ègé gidi kéré gan-an. Ẹni tó dúró ní òdìkejì títì kò lè ka ẹyọ kan. Bí ẹ bá ń rí ègé kọ̀ọ̀kan láti ọ̀ọ́kán, ẹ ti sọ mọ́tò di ohun ìṣeré ọmọdé.

Ẹ̀kẹta ni péálì, èyí tó ń yí àwọ̀ padà bí ẹ bá ṣe ń rìn kọjá. Máíkà ló wà nínú rẹ̀, òkúta kan tó máa ń ṣí ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí wọ́n fi titanium dioxide bò. Ìbòrí yẹn tín-ín-rín débi pé ìmọ́lẹ̀ tó ta padà lókè rẹ̀ àti èyí tó ta padà nísàlẹ̀ rẹ̀ ń pàdé ara wọn lọ́nà. Wọ́n mú àwọ̀ kan lágbára, wọ́n pa òmíràn.

Àwa tí à ń gbé Baruwa, a mọ àwọ̀ òṣùmàrè yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ti lé ní ogún ọdún tí epo bẹntiróòlù tó jò láti inú ọ̀pá abẹ́ ilẹ̀ ti ba kànga ọ̀pọ̀ ilé jẹ́ níbí. Wọ́n á fa omi, epo á máa tàn lórí rẹ̀ ní àwọ̀ oríṣiríṣi. Iṣẹ́ kan náà ni ìmọ́lẹ̀ ń ṣe lórí epo yẹn àti lára péálì. Ọ̀kan, owó ni èèyàn san kó lè wà lára mọ́tò rẹ̀. Èkejì ló ń mú kí èèyàn máa ra omi nígbà tí kànga wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣe fíìmù nípa àdúgbò wa lọ́jọ́ kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí omi yẹn mọ́ gaara. Blender ti ní Thin Film láti 4.2 tó jáde ní 2024, ibẹ̀ ni ẹ ti lè ṣe méjèèjì.

Dáńfó

Ẹ jẹ́ ká mú dáńfó, torí fíìmù Èkó mélòó ni kò ní dáńfó? Àkọ́kọ́, àwọ̀ lásán ni ọ̀dà rẹ̀, yẹ́lò pẹ̀lú ìlà dúdú. Kò sí alumíníọ̀mù níbẹ̀. Ẹni tó bá lọ gbé ọ̀dà mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ látorí íntánẹ́ẹ̀tì, tó kàn yí i sí yẹ́lò, dáńfó rẹ̀ á máa tàn bíi mọ́tò ìyàwó. Èkejì, ọ̀pọ̀ dáńfó ni kò ní clear. Òmíràn wà tó jẹ́ búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi kùn ún, ẹ máa rí ojú búrọ́ọ̀ṣì tí ẹ bá súnmọ́ ọn. Nítorí náà, Coat rẹ̀ á wálẹ̀ tàbí kó má sí rárá, Roughness á gòkè.

Ẹ̀kẹta lèmi fẹ́ràn jù. Dáńfó tí wọ́n bí ní yẹ́lò ṣọ̀wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, tòkunbọ̀ ni, bọ́ọ̀sì akẹ́rù tó ti ṣiṣẹ́ nílùú òyìnbó kó tó dé ibí. Ó ti jẹ́ funfun rí, tàbí búlúù. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ wo inú férémù, àwọ̀ àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí nǹkan bá ha á, yẹ́lò á kọ́kọ́ lọ, funfun àtijọ́ á yọjú, lẹ́yìn rẹ̀ ni eérú pràímà, lẹ́yìn rẹ̀ ni irin, irin náà á sì pọ́n nítorí ìpẹtà. Bí ọgbẹ́ bá ṣe jìn tó ló ń sọ àwọ̀ tí ẹ máa fi sí i. Ẹni tó bá kàn da àwọ̀ ìpẹtà káàkiri ara dáńfó kò tíì wo dáńfó rí.

Ìpẹtà náà ní ibi tó ń gbé. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ló wà, àti etí ibi tí táyà ń yí sí, torí ibẹ̀ ni omi àti òkúta ń bá pàdé. Òkè mọ́tò, oòrùn ló ni ín: yẹ́lò ibẹ̀ ti ṣá. Ètí ilẹ̀kùn tí kọ́ńdọ́ ń dì mú láti àárọ̀ dalẹ́ ti dán, torí òógùn àti ọ̀rá ọwọ́; ibi tó máa ń gbá láti sọ fún dírẹ́bà pé "ó ń bọ̀ o" ti tẹ̀ wọlé. Nígbà ọyẹ́, eruku á sùn sórí gbogbo ibi tó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ní pọ̀ lára ibi tó dúró ṣánṣán. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ pupa á ta sókè láti táyà lọ sí ẹ̀yìn. Ẹ ya àwòrán dúdú àti funfun fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, èyí tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé ibí ni kó ti ṣá, ibí ni kó ti dán, ibí ni kó ti pọ́n. Ìgbà tí kọ́ńdọ́ bá ti wà nínú ọ̀dà yín ni dáńfó yín tó wà láàyè.

Ojú ọ̀nà wo ló hàn lára rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tó kàn yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí jù. Mọ́tò tó ń dán, dígí ni. Ẹ lè ṣe gbogbo ìpele bó ṣe yẹ, àmọ́ bí kò bá sí ohun tó dáa láti hàn lára rẹ̀, òfo ni. Nígbà tí Pixar ṣe Cars, tó jáde ní 2006, wọ́n ní láti lo ray tracing lọ́nà tí wọn ò tíì lò ó tó bẹ́ẹ̀ rí, kí mọ́tò kan lè hàn lára èkejì. Ní 2016, iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ The Mill gbé Blackbird jáde: mọ́tò gidi tí wọ́n lè mú gùn tàbí kúrú, tí kámẹ́rà wà lórí rẹ̀ tó ń ya gbogbo àyíká bó ṣe ń sáré. Wọ́n á wá fi mọ́tò kọ̀ǹpútà bò ó. Pẹ̀lú gbogbo owó wọn, wọn ò gbà kí kọ̀ǹpútà fọkàn rò ojú ọ̀nà. Wọ́n lọ yà á.

Láti 1998 ni Paul Debevec ti fi hàn pé èèyàn lè fi fọ́tò àyíká tan ìmọ́lẹ̀ sí ohun inú kọ̀ǹpútà. HDRI là ń pe irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Poly Haven ń fún wa ní púpọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, mo ń lò wọ́n, ẹ̀yin náà ẹ máa lò wọ́n. Àmọ́ ẹ wo ohun tó wà nínú èyí tí ẹ ń lò. Tó bá jẹ́ títì ọ̀dà dúdú pẹ̀lú ilé bíríkì òyìnbó, òun náà ló máa hàn lára dáńfó yín. Ìdajì ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn mọ́tò, ilẹ̀ ló ń hàn níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Alímọ̀ṣọ́ tí kò tíì ní títì ọ̀dà, ilẹ̀ náà pupa, nítorí náà ìsàlẹ̀ mọ́tò funfun pàápàá máa ń pọ́n díẹ̀. Lókè, wáyà iná tó kọjá síra wọn, gẹ́ètì, agboòrùn oní-POS. Sánmà ọyẹ́ wa kì í búlúù, funfun ràkọ̀ràkọ̀ ni, òjìji abẹ́ mọ́tò sì máa ń fẹ́lẹ́. Ẹni tó bá gbé Èkó dàgbà, tó rí dáńfó lábẹ́ sánmà Jámánì, kò ní lè sọ ohun tó ṣe é. Á kàn ní, "Eléyìí ò jọ ọ́."

Ẹ lè yà á fúnra yín. Ẹ lọ ní àárọ̀ kùtùkùtù kí èrò tó pọ̀, kí ẹ sì kí àwọn tó ni iwájú ilé náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé fóònù sórí ìdúró, kó má kúrò lójú kan. Ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi yí gbogbo ayé ká, kí ẹ sì wo òkè àti ìsàlẹ̀. Ní ibi kọ̀ọ̀kan, ẹ ya mẹ́ta ó kéré tán: èyí tó mọ́lẹ̀ jù, èyí tó ṣe déédéé, èyí tó ṣókùnkùn gan-an. Èyí tó ṣókùnkùn yẹn ló ń mú oòrùn. Láìsí i, oòrùn yín á di bọ́tìnì funfun tí kò lágbára. Hugin, ọ̀fẹ́ lòun náà, á bá yín pa wọ́n pọ̀. Ẹni tí kò bá ní iná tàbí kọ̀ǹpútà tó lágbára, kí ó fi Eevee ṣe ìdánwò, kí ó sì pa Cycles mọ́ fún ìgbà ìkẹyìn.

Tó bá jẹ́ mọ́tò gidi ló wà níwájú kámẹ́rà

Àwọn ará wa tó ń ṣe fíìmù, tiyín rèé. Ẹ yá mọ́tò olówó lò, ẹ sì fẹ́ kó gbó. Ẹ má fi ọ̀dà gidi kàn án. Ọ̀dà olómi tó ṣeé fọ̀ wà, ike tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara mọ́tò wà, eruku amọ̀ kíkúnná náà wà. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní ibi kọ́lọ́fín kan, kí ẹ sì ṣe é lójú ẹni tó ni ín.

Fún fíìmù àtijọ́, ẹ ṣọ́ clear. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen pọ̀ ní Ọjọ́ níbí, àti Peugeot ní Kàdúná. Lára ọ̀pọ̀ mọ́tò ayé ìgbà yẹn, àwọ̀ àti ìdán wà nínú ọ̀dà kan náà, kò sí clear lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá gbó, wọ́n máa ń ṣá bí ẹfun ni, á máa yi mọ́ni lọ́wọ́. Clear tó ń bó bí awọ tí oòrùn pa, ti mọ́tò ẹ̀yìn ìgbà náà ni. Bí ẹ bá fi í sára Beetle ọdún 1976, àgbà tó bá gun ọ̀kan rí á mọ̀.

Ẹ lọ sí Mùsíọ́ọ̀mù ní Oníkan pẹ̀lú. Mọ́tò Mercedes dúdú tí wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Mohammed nínú rẹ̀ ní 13 oṣù Kejì ọdún 1976 wà níbẹ̀. Ẹ dúró jẹ́ẹ́, ẹ wo ohun tí ọta ṣe sí irin àti ọ̀dà. Lẹ́yìn náà, ẹ ò ní lè ya róbótó dúdú kan sára ilẹ̀kùn mọ́ kí ẹ pè é ní ojú ọta.

Ẹni tó ń fi igi gbẹ́ mọ́tò, ẹ wo Teshie lẹ́bàá Accra, níbi tí Kane Kwei ti sọ pósí Mercedes di ohun tí gbogbo ayé mọ̀; wọ́n pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Paris ní 1989. Mercedes tirẹ̀ ò wá láti tan ojú jẹ, iyì òkú ló fẹ́ fi hàn. Ti fíìmù yàtọ̀: kámẹ́rà ò gbọ́dọ̀ rí igi. Ọ̀nà rẹ̀ náà ni ti ọ̀gá àdúgbò wa: pọ́tì, sáńpépà, pràímà, àwọ̀, clear. Kò sí ọ̀nà àbùjá.

Kó tó di pé mo lọ

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, Iwájú tí Kugali àti Disney jọ ṣe jáde, wọ́n gbé Èkó sí ọjọ́ iwájú. Èkó ti wọ inú kọ̀ǹpútà ayé, kò sì ní jáde mọ́. Iṣẹ́ á máa wá, àwọn tó wà lókèèrè náà á sì máa ṣe é. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà tó ju tiwa lọ, iná wọn kì í lọ. Ohun tí wọn ò lè gbé látorí íntánẹ́ẹ̀tì ni pé funfun wà lábẹ́ yẹ́lò, pé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ń pọ́n, pé ètí ilẹ̀kùn ń dán níbi tí ọwọ́ kọ́ńdọ́ wà. Ìyẹn ni ohun tí a ní láti tà.

Orí ọ̀gá tó ń kun mọ́tò ni púpọ̀ nínú ìmọ̀ yẹn sì wà. Nítorí náà, tí ẹ bá lọ yà á, ẹ sanwó àkókò rẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí ìparí fíìmù tó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ ra ìbòmú gidi lọ fún un, èyí tó ní fílítà kẹ́míkà, torí isocyanate tó ń mú kí ọ̀pọ̀ clear le lè fa ásímà fún ẹni tó ń fà á símú lójoojúmọ́. Àkísà tí ó ń so mọ́ imú kò lè dá a dúró.

Iṣẹ́ àṣetiléwá yín rèé. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ wá mọ́tò kan ládùúgbò yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rà á, ẹ ya fọ́tò mẹ́wàá: ẹ̀gbẹ́, èèpo ọsàn, ọgbẹ́, eruku, ohun tó hàn lára ilẹ̀kùn. Ẹ sọ fún ẹni tó ni ín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ o, kí wọ́n má baà pariwo olè lé yín lórí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣí Blender. Ẹ fi èyí tí ẹ bá ṣe ránṣẹ́ sí wa, a ó wò ó papọ̀ nínú ètò tó ń bọ̀, a ó sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé first body ni?